Bí mo ṣe yí orúkọ mi padà lórí PlayStation

Lọ́dún 2015, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò WAEC, ni mo ṣí àkáǹtì PlayStation mi ní ṣọ́ọ̀bù géèmù kan ní Pánṣẹ́kẹ́ ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń sanwó ní wákàtí-wákàtí. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù náà bi mí pé orúkọ wo ni kí òun tẹ̀. Àwọn èèyàn ti tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń retí pádì, mi ò sì ronú rárá. Mo ní kó so orúkọ mi àti ti bàbá mi pọ̀, kó fi 97 tí í ṣe ọdún ìbí mi tì í nídìí. Bí mo ṣe kó gbogbo ara mi síta nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá bá mi gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni kò fi dùn mí. Lóṣù tó kọjá ni mo na ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí ní góòlù mẹ́ta sí òdo. Kò pẹ́ tí a parí ló kọ̀wé sí mi. Ó pe orúkọ bàbá mi, ó sọ iye ọdún tí mo jẹ́, ó sì fi fọ́tò ìgboyèjáde mi tó wà lórí Facebook há a. Kò bú mi, kò halẹ̀ mọ́ mi, ó kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé òun ti mọ̀ mí. Àyà mi là gààrà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pinnu pé orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mo kà nípa rẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 2006 ni PlayStation Network, ibi tí àwọn tó ń gbá géèmù PlayStation ti ń pàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ti wà, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin ọdún 2019 ni wọ́n tó fàyè gba gbogbo èèyàn láti yí Online ID padà, ìyẹn orúkọ tí àwọn yòókù máa ń rí. Nígbà tí mo ṣí tèmi, orúkọ tí o bá mú lọ́jọ́ àkọ́kọ́, òun ni wàá máa jẹ́ lọ. Ní báyìí, àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Tó o bá tún fẹ́ yí i lẹ́yìn ìyẹn, dọ́là 9.99 ni, tàbí 4.99 fún ẹni tó bá ń san owó ètò PlayStation Plus. Ẹ sọ ìyẹn di náírà kí ẹ wò ó. Mo wá rí i pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní, mi ò sì fẹ́ fi ṣòfò.

Ohun tó tún dẹ́rù bà mí díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àwọn géèmù àtijọ́. Àwọn géèmù PS4 (ẹ̀rọ PlayStation kẹrin) tó jáde láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2018 ni wọ́n ṣe kó lè gba ìyípadà orúkọ. Èyí tó ti jáde ṣáájú ìgbà náà lè má mọ̀ ọ́ mọ́: ibi tí o bá a dé nínú géèmù lè sọnù, àwọn ife ẹ̀yẹ rẹ lè sọnù, kódà ohun tí o fowó rà nínú rẹ̀ lè sọnù. PlayStation gbé àkójọ àwọn tí wọ́n ti dán wò tí wọ́n sì rí ìṣòro nínú wọn jáde. Mo wo àwọn géèmù mi nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò rí ìkankan níbẹ̀. Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù ni pé bí nǹkan bá bàjẹ́, o lè padà sí orúkọ àtijọ́ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbàkígbà. Wọn kì í gbé e fún ẹlòmíì.

Orúkọ tí mo máa mú gan-an ló gba àkókò mi. Gígùn Online ID kì í dín ní lẹ́tà 3, kì í ju 16 lọ. Lẹ́tà lásán, nọ́ńbà, àmì - àti àmì _ nìkan ló ń gbà. Kò gba àmì ohùn. Kò gba àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Ẹni tó ń kọ Yorùbá mọ ohun tí mò ń sọ: bí a bá ti bọ́ àmì lára ọ̀rọ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà lè di nǹkan mìíràn lójú ẹsẹ̀.

Mo ṣí ojú ewé náà lórí fóònù mi láti dán oríṣiríṣi wò, láìtíì fọwọ́ sí ohunkóhun. Lisabi ni mo kọ́kọ́ tẹ̀, nítorí Lísàbí Agbòǹgbò Àkàlà tó gba àwa Ẹ̀gbá sílẹ̀ lọ́wọ́ Ọ̀yọ́. Ẹlòmíì ti mú un. Mo lè fi nọ́ńbà tì í, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló kó mi sí wàhálà lákọ̀ọ́kọ́. Mo wo OmoLisabi. Àmì ti kúrò lára ọmọ, ohun tó kù ni “omo” tí àwọn ọmọ ìgboro fi ń ké, tó tún jẹ́ orúkọ ọṣẹ ìfọṣọ. Mo wo AbeOlumo, torí abẹ́ Olúmọ ni wọ́n bí mi sí. Ta ló fẹ́ mọ̀ pé abẹ́ ni, tí kì í ṣe abẹ tí wọ́n fi ń fárí? Abẹ́ fúnra rẹ̀ tún ní ìtumọ̀ tí mi ò ní kọ síbí. Mo pa fóònù dé.

Lọ́jọ́ kejì mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Ìtòkú, mò ń bá a ká àdìrẹ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

“Bọ́ọ̀lù inú tẹlifíṣọ̀n yìí náà ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ sọ èèyàn lórúkọ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi. Orúkọ yẹn ni gbogbo ẹni tí mo bá bá gbá a máa rí.”

“Ṣebí ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Àkànní ni mò ń kì ọ́ láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ. Oríkì kì í júwe ilé ẹni fún àjèjì.”

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Ẹ bọ́ àmì kúrò lára Àkànní, ẹ wò ó: Akanni. Kò di ọ̀rọ̀ mìíràn. Yorùbá tó bá rí i níbikíbi láyé á pè é bó ṣe yẹ, ẹni tí kì í ṣe Yorùbá kò sì ní rí orúkọ bàbá mi tàbí ọdún ìbí mi nínú rẹ̀. Mo fi ìlú mi kún un, ó di Akanni_Egba, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 11. Kò sẹ́ni tó tíì mú un.

Iṣẹ́ tó kù kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lórí PS4 mi, mo wọ Settings, mo lọ sí Account Management, láti ibẹ̀ sí Account Information, lẹ́yìn náà Profile, mo wá tẹ Online ID. Wọ́n tún kìlọ̀ nípa àwọn géèmù àtijọ́, mo gbà. Mo tẹ orúkọ tuntun, mo kà á lẹ́tà-lẹ́tà lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n bi mí bóyá mo fẹ́ kí orúkọ àtijọ́ máa hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun fún 30 ọjọ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi lè dá mi mọ̀. Ó dára fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ yẹn gan-an ni mò ń sá fún, torí náà mo kọ̀. Lórí PS5, Users and Accounts ni ẹ máa gbà. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ bá wà lábẹ́ òbí kò lè dá a ṣe.

Ímeèlì àti páswọ́ọ̀dù kì í yí padà, wọn kò sì ní nǹkan ṣe pẹ̀lú Online ID. Mo tẹnu mọ́ ọn torí pé ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa ní kí n san 3,000 náírà kí òun bá mi ṣe é, ó sì ní kí n fi páswọ́ọ̀dù ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ohun tí ẹ lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ẹni tó bá sì ti ní páswọ́ọ̀dù yín lè gba àkáǹtì náà mọ́ yín lọ́wọ́. Lálẹ́ yẹn kan náà ni mo tan kóòdù tó máa ń wá sórí fóònù kéèyàn tó wọlé.

Géèmù eré ìje ọkọ̀ kan tó ti wà lọ́wọ́ mi láti 2016 ṣì ń pè mí ní orúkọ àtijọ́ nínú tábìlì èsì rẹ̀. Èmi nìkan ló ń gbá a, mo fi í sílẹ̀. Àwọn ife ẹ̀yẹ mi pé pérépéré.

Ní Sátidé mo lọ sí Pánṣẹ́kẹ́ fún ìdíje tí a máa ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n kan náà tó tẹ orúkọ mi ní 2015 ló ń kọ orúkọ wa sórí pátákó. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ìyẹn rẹ́, mo ti yí i padà.” Ó fi ọwọ́ nù ún, ó bi mí ní tuntun, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà: Àkànní Ẹ̀gbá, tòun ti gbogbo àmì rẹ̀.