Àwọ̀n Nínú Ikùn Bàbá Mi: Ọ̀sẹ̀ Mẹ́fà Tí Mo Fi Ṣọ́ Wọn

Ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà mi ni mo fi ṣe àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ bàbá mi. Láti ẹ̀yìn ni mo ti ṣí i, kí ìbàdí ìyàwó ọ̀ṣìngín má baà dà pọ̀ mọ́ iye ìgbà tí Bàbá tọ̀ lóòjọ́. Télọ̀ ni mí ní Adó-Èkìtì. Àwọn òbí mi wà ní Ìlawẹ́, níbi tí Bàbá ti ń dá oko iṣu. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n.

Ìpá ló ń dà wọ́n láàmú, èyí tí wọ́n ń pè ní hẹ́níà ní ọsibítù: ìfun á gba ibi tó lu lára ikùn yọ síta, á wú lábẹ́ awọ. Bàbá ti ṣe iṣẹ́ abẹ rẹ̀ rí ní 1994. Okùn nìkan ni dókítà ìgbà náà fi rán ibi tó lu. Kò pé oṣù kan tí wọ́n fi padà sídìí ebè. Nígbà tó yá, ó tún yọ, lójú ibi kan náà, níbi tí itan ọ̀tún ti pàdé ikùn. Tó bá ti yọ, wọ́n á fẹ̀yìn lélẹ̀, wọ́n á fọwọ́ tì í wọlé, wọ́n á dìde, ó di oko. Ní oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, ó kọ̀ jálẹ̀, kò wọlé. Inú ń ta wọ́n, wọ́n ń bì. Kí ọkọ̀ tó dé, ó ti rọra padà, ṣùgbọ́n ìyá mi ti pè mí, èmi náà sì ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò ní Adó kò fi bọpo bọyọ̀: bí ìfun bá há sínú ihò yẹn, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, yóò jẹrà, ikú ló sì ń kángun sí. Mo bi í pé kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ fi tú. Ó wo tépù tí mo gbàgbé sọ́rùn, ó rẹ́rìn-ín.

"Màdámù, bí aṣọ tó ti gbó bá ya, tẹ́ ẹ fa etí rẹ̀ méjèèjì pàdé tẹ́ ẹ rán an ńkọ́?"

Mo ní á tún ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn ni.

"Kí lẹ máa wá ṣe?"

Mo ní màá fi aṣọ mìíràn sí i lábẹ́ kí n tó rán an. Ó ní ohun tí àwọn fẹ́ ṣe nìyẹn, àwọ̀n ni àwọn máa tẹ́ síbẹ̀. Irving Lichtenstein, dókítà ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ohun tó gbajúmọ̀ ní àwọn ọdún 1980. Ìpá kì í sáàbà padà lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti olókùn nìkan.

Bàbá ní, "Àwọ̀n? Ṣé ẹja lẹ fẹ́ pa nínú mi ni?"

Mo kà á lórí fóònù lálẹ́ pé ní Uganda, àwọn dókítà fi aṣọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, èyí tí wọ́n ti pa gbogbo kòkòrò ara rẹ̀, ṣe iṣẹ́ yìí, wọ́n sì fi wé àwọ̀n olówó ńlá. Èsì rẹ̀ jáde ní 2016: lẹ́yìn ọdún kan, àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Mi ò sọ ọ́ fún Bàbá, kí wọ́n má lọ já nẹ́ẹ̀tì ìyá mi wálẹ̀ láti fi dín owó kù.

Dókítà bèèrè bóyá wọ́n ń wúkọ́, bóyá ìgbẹ́ ń le, bóyá ìtọ̀ ń ṣòro. Ohun tó bá ti ń mú èèyàn tiraka ń ti ìpá síta. Bàbá ní ìtọ̀ àwọn ń já ṣòòròṣò bí omi ẹ̀rọ. Irọ́ ni.

Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ kò le. Abẹ́rẹ́ kan ní ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ kú, ojú là sílẹ̀. Bàbá ní àwọn gbọ́ bí àwọn dókítà ṣe ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí àwọn. Òru ni wàhálà dé. Ìtọ̀ kò jáde. Abẹ́ ìdodo wọn le bí àgbọn, òógùn bò wọ́n. Nọ́ọ̀sì ki rọ́bà bọ̀ ọ́, ìtọ̀ sì ń dà sínú àpò bí ẹni ṣí ẹ̀rọ lóòótọ́. Ìgbà yẹn ni wọ́n jẹ́wọ́ pé ó ti lé ní ọdún méjì tí àwọn ti ń dúró pẹ́ nílé ìtọ̀. Próstéètì, kókó ara tó wà nídìí àpò ìtọ̀ ọkùnrin, ti wú. Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ló wá dá kún un. Oògùn wọ̀ ọ́, ní ọjọ́ kẹta wọ́n yọ rọ́bà.

Ní gbogbo ọ̀nà Ìlawẹ́, ìrọ̀rí ni Bàbá fi tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ tí ọkọ̀ bá ti fẹ́ kó sí gálọ́pù. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni tí wọ́n bá fẹ́ wúkọ́.

Ọjọ́ karùn-ún, ibẹ̀ wú, ó tó ọsàn. Mi ò lè wò ó, ọmọbìnrin ni mí. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń wò, tó ń júwe fún mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ọkàn mi já, mo rò pé ó ti padà. Mo pe dókítà. Ó ní kí Bàbá wúkọ́: ṣé ó ń ti jáde? Rárá. Kí wọ́n dùbúlẹ̀: ṣé ó ń wọlé? Rárá. Ó ní omi ara ló kó jọ síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gún un, àfi tí ibà bá gbé wọn tàbí tí egbò bá ń ṣọyún. Ó tó oṣù kan kó tó fà tán.

Èmi ni mo pe dókítà o. Ẹnì kankan kò pè wá. Bí ẹ bá rí fáìlì 1994, ohun tó máa wà níbẹ̀ ni pé ara Bàbá yá, wọ́n sì lọ sílé. Òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ìpá kì í padà lójú dókítà. Oko ló ti ń padà. Ìdí tí mo fi ń kọ ìwé tèmi nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni dókítà ní kí wọ́n fi yàgò fún ẹrù wíwúwo, ọkọ́ àti odó. Ní Èkìtì! Nínú oṣù Kejì, nígbà tí ebè ń lọ lọ́wọ́! Mo san owó àgbàṣe. Ìyá mi ń fi ẹ̀fọ́, ìbẹ́pẹ àti omi tẹ̀lé uyán kí ìgbẹ́ má baà le. Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo bá Bàbá lóko pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́. Wọ́n ní ṣe ni àwọn ń fi tọ́ka ibi tí àwọn alágbàṣe máa kọ.

Ohun tí mo kọ kẹ́yìn sínú ìwé náà nìyí: "Ọjọ́ 41. Mo gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé. Ìyá mi wà lọ́jà. Mo ní kí Bàbá wúkọ́. Àbúrò mi wò ó. Kò sí ohun tó yọ."