Bí Ẹ Ṣe Lè Dáhùn Nígbà Tí Wọ́n Bá Gbé Ìpolówó Kírípítò Wá Bá Yín

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún àwọn ọ̀dọ́ ìlú Òṣogbo tó ń lọ láìfù lórí TikTok, Facebook àti YouTube: àwọn aláwàdà, àwọn tó ń gbá géèmù, àwọn alága ìdúró tó ń fi iṣẹ́ wọn han ayé, àwọn tó ń ta àdìrẹ láti ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìgbọ̀nà àti Alékúwodò, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti sọ yàrá wọn di ilé iṣẹ́. Nígbà tí àwọn tó ń tẹ̀lé ènìyàn bá ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, kì í pẹ́ kí irú àtẹ̀jíṣẹ́ báyìí tó wọlé lórí tókìn, ìyẹn owó kírípítò tí àwọn kan ṣẹ̀dá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì:

"Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. A fẹ́ràn ohun tí ẹ ń ṣe. Tókìn wa máa jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Láìfù ìṣẹ́jú 15 péré la fẹ́. A máa san 200,000 náírà, a ó sì fi tókìn mílíọ̀nù 5 kún un. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé ẹ̀yin náà ti rà á."

Ẹ má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún un kà, kí ẹ sì bi ara yín pé láti inú àpò ta ni owó yìí ti ń bọ̀. Ó ṣe é ṣe kí 200,000 náírà wá láti ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n tókìn mílíọ̀nù 5 yẹn kò tó nǹkan kan lọ́jọ́ tí wọ́n fi lọ̀ yín. Ohun kan ṣoṣo tó lè sọ ọ́ di owó ni kí ẹlòmíràn fi náírà rà á, ẹlòmíràn náà kì í sì í ṣe àjèjì, ẹni tó ń wò yín ni. Ẹni tó bá gba tókìn gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́, àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ló máa san owó náà fún un, láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Lójú tèmi, gbogbo ìbínú tí a ti rí lórí ọ̀rọ̀ yìí, láti Amẹ́ríkà títí dé ọ̀dọ̀ wa, ibẹ̀ ló ti ń ṣẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò rẹ̀, nítorí inú ìṣirò ni ọ̀rọ̀ náà máa ń sá pamọ́ sí. Ká ní àwọn kan ṣẹ̀dá tókìn bílíọ̀nù 1. Wọ́n kó mílíọ̀nù 100 nínú rẹ̀ sínú adágún (pool), ìyẹn ibi ìkówójọ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí rírà àti títà ti ń wáyé, wọ́n sì kó owó tó tó mílíọ̀nù 10 náírà tì í. Mílíọ̀nù 900 yòókù wà lọ́wọ́ wọn. Tókìn kan jẹ́ kọ́bọ̀ 10 nígbà náà, ojú fóònù yóò sì máa sọ pé gbogbo rẹ̀ tó mílíọ̀nù 100 náírà, bẹ́ẹ̀ owó gidi tó wà nílẹ̀ kò ju mílíọ̀nù 10 lọ. Ẹ wá lọ láìfù, àwọn olólùfẹ́ yín sì kó mílíọ̀nù 10 náírà wọlé láàárín wákàtí kan. Òfin adágún náà ni pé bí a bá fi iye tókìn inú rẹ̀ sọ iye owó inú rẹ̀ di púpọ̀, èsì kan náà ló gbọ́dọ̀ máa jẹ́; nítorí náà, tókìn mílíọ̀nù 50 ló máa tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, tókìn kan á di kọ́bọ̀ 40, ojú fóònù á sì máa pariwo mílíọ̀nù 400. Inú gbogbo èèyàn á dùn, wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn tó ni tókìn á ta mílíọ̀nù 450, èyí tó jẹ́ ìdajì ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Owó inú adágún á wálẹ̀ láti mílíọ̀nù 20 sí mílíọ̀nù 2, mílíọ̀nù 18 á wọ àpò wọn, tókìn kan kò sì ní tó ìdajì kọ́bọ̀ mọ́. Ohun tí àwọn èèyàn yín fi mílíọ̀nù 10 rà kò ní tó 200,000 náírà mọ́. Kò sí ẹni tó jí PIN, kò sì sí ẹni tó fọ́ báǹkì. Láìfù yín ni wọ́n fi ṣe ọ̀nà.

Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, àwọn kan nínú ẹgbẹ́ agbágéèmù FaZe Clan ní Amẹ́ríkà polówó tókìn kan tó ń jẹ́ Save the Kids, tí wọ́n ní apá kan owó rẹ̀ yóò máa ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́. Iye rẹ̀ já lulẹ̀ láàárín àkókò díẹ̀, ariwo sì pọ̀ débi pé nígbà tí oṣù keje bẹ̀rẹ̀, ẹgbẹ́ náà lé ẹnì kan, wọ́n sì dá àwọn 3 dúró. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tókìn HAWK tí wọ́n fi òkìkí Haliey Welch, ọmọge Amẹ́ríkà tí fídíò kan sọ di gbajúmọ̀, tà já ju ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín wákàtí mélòó kan. Nílé wa níbí, a rí ti tókìn $DAVIDO tí Davido, ọmọ Ede tí gbogbo wa mọ̀, gbé jáde ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2024: iye rẹ̀ gòkè lójijì, ó já, àwọn tó rà á nígbà tó wà lókè kò sì dákẹ́. Bí ẹni tí òkìkí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ bá lè gbọ́ èébú, ẹ rò ó wò bí yóò ti rí fún ẹni tí àwọn tó ń wò ó mọ ilé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Fíà.

Lẹ́yìn ìbéèrè nípa owó ni àyẹ̀wò. Ẹ ní kí wọ́n fi orúkọ ilé iṣẹ́ wọn àti àdírẹ́sì tókìn náà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní kò tíì jáde, a jẹ́ pé ìpolówó náà kò tíì tó àkókò nìyẹn. Bí ó bá ti jáde, ẹ gbé àdírẹ́sì náà sórí ìkànnì tó ń fi ìrìn tókìn han gbogbo èèyàn: Solscan bí ó bá jẹ́ orí ẹ̀rọ Solana ni tókìn náà wà, tàbí Etherscan bí ó bá jẹ́ orí ti Ethereum. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ holders sí, ìyẹn àwọn tó ní tókìn náà lọ́wọ́, kí ẹ fi ojú ara yín rí bóyá ọ̀pọ̀lọpọ̀ tókìn náà wà nínú àwọn àpò orí íńtánẹ́ẹ̀tì (wallet) mélòó kan péré. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ṣì lè ṣẹ̀dá òmíràn kún un, àti bóyá wọ́n ti ti owó inú adágún pa kí wọ́n má lè kó o jáde, títí di ọjọ́ wo. Ẹni tó bá ń ṣe òtítọ́ á dáhùn. Ẹni tó bá ń kánjú, tó ń sọ pé àwọn mìíràn ti ń dúró láti gba iṣẹ́ náà, ti fún yín ní ìdáhùn tirẹ̀.

Ní ti òfin, ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ìwé CAC hàn, tí ẹni tí wọ́n fi hàn á sì rò pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ìwé CAC kàn ń sọ pé wọ́n forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti gba owó ìdókòwò lọ́wọ́ ará ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé SCUML tí EFCC ń fúnni lórí ọ̀rọ̀ fífọ owó èérí mọ́. Àjọ SEC, tó ń bójú tó ìdókòwò ní Nàìjíríà, ló ń fúnni ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, ẹ sì lè yẹ orúkọ wò lórí ìkànnì wọn láìsan kọ́bọ̀. Àṣẹ náà kì í ṣe ohun tí ọwọ́ kò lè tẹ̀: ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, SEC fún Busha àti Quidax, ilé iṣẹ́ méjì tí èèyàn ti ń ra kírípítò tí ó sì ń tà á, ní ìyọ̀ǹda ìbẹ̀rẹ̀. Òfin Investments and Securities Act tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2025 ti mú ọ̀rọ̀ náà le sí i. Ẹni tó bá gbé ètò ìdókòwò èké irú ti MMM lárugẹ lè san owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù 20 náírà, ó lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 10, tàbí kí ó fara gbá méjèèjì. Nígbà tí CBEX, ètò ìdókòwò orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, dojú dé ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, inú bí àwọn kan n'Ìbàdàn débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n sì kó ẹrù inú rẹ̀ lọ. Ilé-ẹjọ́ l'Ábújá sì fún EFCC láṣẹ láti mú àwọn 6 tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n polówó rẹ̀. Àwọn olùpolówó ni òfin ń bá wí níbẹ̀ yẹn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òun lè sọ pé "iṣẹ́ ni wọ́n rán mi" kí ó sì wẹ̀ mọ́.

Bí ẹ bá kọ̀ ọ́, ẹ kọ̀ ọ́ ní kúkúrú: "Ẹ ṣé tí ẹ rántí mi. N kì í gba tókìn fún iṣẹ́, n kì í sì í polówó ohun tí SEC kò fọwọ́ sí." Ẹ má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí àlàyé ni wọ́n máa ń rí ọwọ́ bọ̀ sí.

Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ní ìyọ̀ǹda ni, owó náírà ni wọ́n sì fẹ́ san, tí ẹ wá gbà á. Ohun tó kù ni bí ẹ ó ṣe sọ ọ́. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ SEC ti Amẹ́ríkà gba mílíọ̀nù 1.26 dọ́là lọ́wọ́ Kim Kardashian lórí ìpolówó tókìn EthereumMax. Ó kọ ọ́ sí i pé ìpolówó ni. Ohun tí kò sọ ni pé 250,000 dọ́là ni wọ́n san fún un. Nítorí náà, ẹ má fi àmì kékeré kan ní ìsàlẹ̀ fídíò tanra yín jẹ. Ẹ fi ẹnu sọ ọ́, ní Yorùbá tí ìyá tó ń wò yín lálẹ́ lẹ́yìn tó palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́ ní Ọjà Ọba máa gbọ́ yé: "Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó sọ ohunkóhun, ilé iṣẹ́ yìí san 200,000 náírà fún mi kí n lè sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gba orí líǹkì mi wọlé, owó díẹ̀ tún máa kàn mí. Èmi fúnra mi kò tíì fi owó síbẹ̀. Owó tí ẹ bá fi síbẹ̀ lè run pátápátá." Ẹ tún un sọ láàárín láìfù, nítorí ọ̀pọ̀ ni kì í bá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́, kí ẹ kàn án mọ́ òkè (pin) àwọn ọ̀rọ̀ tó ń wọlé. Ẹ má sọ pé ẹ ti rà á bí ẹ kò bá rà á. Ẹ má dárúkọ èrè. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè bóyá kí òun fi owó àjọ tàbí owó iléèwé ọmọ ṣe é, ẹ dáhùn pé rárá, kí gbogbo èèyàn sì gbọ́. Bí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún yín bá bínú sí ìdáhùn yẹn, ẹ dá owó wọn padà.

Ó kan àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ti dé bá, tí tókìn ti já, tí èébú sì ti ń rọ̀ bí òjò. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ má pa fídíò náà rẹ́, ẹ má sì dènà àwọn tó ń béèrè owó wọn, nítorí àwọn ẹlòmíràn ti gbà á sílẹ̀, ohun tí ẹ bá pa rẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi hàn. Bí tókìn kankan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ yín, ẹ má tà á. Gbogbo ohun tí ẹ bá tà nísinsìnyí, owó àwọn tó kù nínú adágún lẹ ń fà yọ. Ẹ gbé àdírẹ́sì àpò yín síta fúnra yín. Orí blockchain, ìwé àkọsílẹ̀ gbangba tí gbogbo rírà àti títà tókìn ń wọ̀, kò ní àṣírí, wọn á rí i bópẹ́ bóyá.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ láìfù lórí ìkànnì kan náà tí ẹ ti polówó, ní àkókò tí àwọn èèyàn yín mọ̀ yín mọ́, kí ẹ sì sọ nǹkan mẹ́rin: iye tí wọ́n san fún yín, ẹni tó san án, iye tí ẹ rí nígbà tí ẹ ta tókìn, àti ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó padà. Ẹ̀bẹ̀ tí kò sí owó nínú rẹ̀ kì í tu ẹni tó pàdánù nínú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, ìròyìn gbòde nípa Ice Poseidon, ẹni tó ń ṣe láìfù ní Amẹ́ríkà, tó gbé tókìn CxCoin fún àwọn olólùfẹ́ rẹ̀. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun lè dá owó náà padà, ṣùgbọ́n pé tara òun ni òun máa rò. Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀ di òní. Logan Paul, gbajúmọ̀ orí YouTube ní Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ ya ju mílíọ̀nù 2 dọ́là sọ́tọ̀ fún àwọn tó fi owó sínú CryptoZoo, géèmù kírípítò rẹ̀ ti ọdún 2021, àmọ́ ọdún 2024 ló tó ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ní kí ẹni tó bá gbà á má pe òun lẹ́jọ́, ìyẹn ni ọ̀pọ̀ kò fi dárí jì í.

Bí owó tí ẹ gbà bá kéré sí ohun tí àwọn èèyàn pàdánù, ẹ dá èyí tó wà lọ́wọ́ yín padà, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó fi owó kékeré sí i, torí àwọn ni ebi máa ń pa kíákíá. Ẹ kọ orúkọ wọn àti iye tó kàn wọ́n sílẹ̀, kí ẹ fi owó ránṣẹ́ láti báǹkì sí báǹkì kí ẹ̀rí lè wà, kí ẹ sì kó gbogbo ìjíròrò tí ẹ bá àwọn tó gbé tókìn náà wá ṣe fún SEC àti EFCC kí wọ́n tó wá béèrè rẹ̀. Bí ẹ bá mọ agbẹjọ́rò, ẹ pè é kí ẹ tó kọ ọ̀rọ̀ yín síta, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ó sọ yín di ẹni tó dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ ó tún rí i pé àwọn kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn tó pàdánù, wọn á ní àwọn lè gba owó wọn padà bí wọ́n bá san owó iṣẹ́ ṣáájú, àwọn mìíràn á tilẹ̀ lo orúkọ àti àwòrán yín. Oníjìbìtì ni wọ́n. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba pé ẹ kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí ẹ tó dá owó rẹ̀ padà, kí ẹ kan ìkìlọ̀ náà mọ́ òkè ojú-ìwé yín, kí ẹ sì fi í síbẹ̀ títí ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn tí ẹ jẹ ní gbèsè yóò fi gba tirẹ̀.