Ẹ Má Jẹ Obì Lé Oúnjẹ: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lórí Èròjà Inú Ewé àti Èso Wa

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin lóyún ní Ṣágámù, wọ́n sọ fún un nílé ìwòsàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Wọ́n fún un ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ó sì ń lò ó déédéé. Ó ń jẹ ẹ̀wà, ó ń jẹ ẹ̀fọ́. Oṣù kan kọjá, ẹ̀jẹ̀ ò gòkè. Ọjọ́ tí mo sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ ni mo tó rí ohun tó ń ṣe. Bó ṣe jẹ ẹ̀wà tán tó gbé oògùn mì, ó tọwọ́ bọ abẹ́ ewé nínú agbọ̀n, ó mú gbàǹja kan, ó là á, ó ju awẹ́ kan sẹ́nu. Ó ní bí òun ò bá jẹ ẹ́, òun á bì. Ọmọ Rẹ́mọ tí wọ́n bí sáàárín obì, ta ló máa sọ fún un pé obì lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́?

Àwọn èròjà kan wà nínú igi àti ewé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní phenolic. Igi ń fi wọ́n gba ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò, àrùn àti oòrùn. Àwọ̀ pupa ara obì, ata tó ń ta wá lẹ́nu, òórùn ẹfinrin, ẹbí kan náà ni gbogbo wọn. Kódà epo inú èèpo kajú tó máa ń bó ọmọdé lọ́wọ́ wà nínú ẹbí yẹn. Èyí tó ń jẹ́ tannin ló ń mú kí ahọ́n gbẹ kó sì súnkì bí a bá jẹ obì.

Tannin yìí máa ń so mọ́ irin inú oúnjẹ (iron) nínú ìfun, kò sì ní jẹ́ kó wọ ara. Bẹ́ẹ̀ irin yìí ni ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Irin inú ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ló máa ń dì mú jù. Kò fi bẹ́ẹ̀ rí ti inú ẹran àti ẹja mú. Tíì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, sóbò tí a fi iṣápá ṣe náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ife tíì kan tí èèyàn mu mọ́ oúnjẹ lè gé irin tí ara ì bá rí gbà níbẹ̀ sí ìdajì, tàbí kó gé e jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹ má jẹ obì lé oúnjẹ, ẹ má sì fi tíì gbé oògùn ẹ̀jẹ̀ mì. Ẹ jẹ́ kó tó wákàtí kan sí méjì. Bí ọsàn bá wà nílé, òun ni kí ẹ jẹ mọ́ ẹ̀wà, torí fítámì C inú rẹ̀ máa ń ran irin lọ́wọ́ láti wọ ara. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pé tó sì ń rí ẹran jẹ lè má mọ ìyàtọ̀ kankan. Aboyún, abiyamọ àti ọmọdé lọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Ní ti aboyún, kaféènì, èròjà tó ń lé oorun, tún wà nínú obì: kì í ṣe ará phenolic, ṣùgbọ́n inú obì kan náà ni wọ́n jọ ń gbé, ó sì yẹ kí aboyún dín in kù. Àbúrò mi ò lè jáwọ́ pátápátá. Ó sún obì sí ọ̀sán gangan, ó dín in kù sí awẹ́ kan, ó ń jẹ ọsàn mọ́ oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gòkè kó tó bímọ.

Àṣìṣe kejì wà nídìí ìkọ́kọrẹ́. Mo ti rí ìyàwó ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó da odidi abọ́ ewùrà nù torí pé ojú rẹ̀ yí sí àwọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn tó rin ín tán. Ó rò pé ó ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ rárá. Bí a bá ti ya ara iṣu náà, afẹ́fẹ́ á kan phenolic inú rẹ̀, èròjà mìíràn tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní enzyme, á sì pa á láwọ̀ dà. Ohun kan náà ló ń ṣe awẹ́ obì tí a là sílẹ̀. Ẹ má rì í sómi kó lè funfun, torí omi yẹn ni ẹ máa da phenolic inú rẹ̀ nù mọ́. Ẹ gbé ọbẹ̀ kaná ná, kó máa hó, kí ẹ tó rin ewùrà.

Ewúro, tí phenolic wà nínú rẹ̀ náà, ńkọ́? Àwọn kan ń fọ̀ ọ́ títí yóò fi dà bí koríko gbígbẹ, àwọn mìíràn ń mu omi rẹ̀ ní ife méjì-mẹ́ta lóòjọ́, tí wọ́n sì ti pa oògùn àtọ̀gbẹ tì. Àwọn ẹni kejì yìí ló ń já mi láyà. Ẹ má ṣe é.

Bákan náà ni orógbó. Ní 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, onímọ̀ nípa oògùn inú ewé àti egbò, kéde pé èròjà inú orógbó dí kòkòrò Ebola lọ́wọ́ nínú àyẹ̀wò yàrá ìwádìí. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní 2014, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ orógbó bí ẹni pé ó ti di oògùn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìgò kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lára èèyàn. Títí dòní, orógbó kì í ṣe oògùn Ebola.

Ó ku ti àlùbọ́sà: ara tó sún mọ́ èèpo ni quercetin rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí phenolic, pọ̀ sí jù, nítorí náà awọ gbígbẹ yẹn nìkan ni kí ẹ bó.