Bí A Ṣe Ń Fi Fóònù Ṣe Fídíò Ẹ̀kọ́ Tí Etí Lè Gbọ́

Iṣẹ́ kan pàtó ni ká fi kọ́ ọ: fídíò oníṣẹ́jú mẹ́ta tó ń kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Mo yàn án nítorí pé ó kéré, kò sì gba gbẹ̀rẹ́: lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, ojú ṣíbí náà sì gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Iyọ̀ tó bá pọ̀jù lè ṣe ọmọ léṣe. Ẹni tó bá ṣe èyí tó yé ìyá tó ń wò ó níwájú igbá ata rẹ̀ lọ́jà, kò sí ẹ̀kọ́ tí kò lè ṣe.

Ohun tí ẹ máa lò kò ju fóònù tí kámẹ́rà rẹ̀ mọ́ níwọ̀nba, earpiece oníwáyà tó ní maíkì lára, fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, ìwé àti bírò. Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Mo mọ ẹni tó ra iná olóbìrìkìtì, ó ra ẹsẹ̀ kámẹ́rà, ó ra aṣọ aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń ta sí ẹ̀yìn ẹni, títí dòní kò tíì gbé fídíò ìṣẹ́jú kan jáde.

Ẹ kọ ọ́ kí ẹ tó sọ ọ́

Ẹ fa ìlà gba àárín ojú ìwé. Apá òsì ni ohun tí etí máa gbọ́, apá ọ̀tún ni ohun tí ojú máa rí. Ibi tí apá ọ̀tún bá ti ṣófo, ẹ wá nǹkan sí i, tàbí kí ẹ pa ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ sókè, nítorí ọ̀rọ̀ tó dùn lójú ìwé lè lọ́ mọ́ni lẹ́nu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan gbáko. A fẹ́ràn ìkíni nílẹ̀ wa lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó ń yàgbẹ́ ò lè dúró. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ìyá wa" ti tó.

Ẹ má sì kọ gbogbo ohun tí ẹnu yín ń sọ sójú fídíò. Richard Mayer, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì California ní Santa Barbara, ti dán èyí wò lọ́pọ̀ ìgbà: ojú tó yẹ kó máa wo àwòrán, ọ̀rọ̀ kíkọ á gbà á mọ́ àwòrán lọ́wọ́. Iye nìkan ni mo máa ń kọ, "6" àti "½", pẹ̀lú orúkọ ohun tí à ń wọ̀n.

Ohùn: ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣubú

Ohùn ni ẹ máa kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe àwòrán. Òfin mi nìyẹn, mi ò sì ń bá ẹnikẹ́ni jiyàn lé e lórí. Ẹni tó bá gba méjèèjì pọ̀, fóònù á jìnnà sí i ní ìgbésẹ̀ méjì kó lè rí ojú àti ọwọ́ rẹ̀, ohùn á wá dà bíi ti ẹni tó wà nínú kànga. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó máa wá áàpù tó máa tún un ṣe kiri. Mi ò tíì rí áàpù tó fa ènìyàn jáde nínú kànga náà kó má fi ẹsẹ̀ kan sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá yàrá. Ẹ dúró láàárín rẹ̀, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bó bá dún "pá" tó sì dákẹ́, ó dáa. Bó bá dún "pááán" tó ń fà lára ògiri, ẹ jáde níbẹ̀. Pálọ̀ onítáìlì tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn torí pé ó dùn ún wò ló burú jù. Yàrá tí bẹ́ẹ̀dì wà, tí aṣọ pọ̀ sí, tí kọ́tìnnì rẹ̀ nípọn, òun la fẹ́. Èmi máa ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ, màá kọjú sí àwọn aṣọ náà, màá fi bùláńkẹ́ẹ̀tì borí. Ooru á mú yín. Ẹ fara dà á. Ẹni tó bá ní mọ́tò, kó jókòó sínú rẹ̀, kó gbé gíláàsì sókè, kó pa ẹ́ńjìnnì. Sítúdíò ọ̀fẹ́ tó dáa jù ú lọ, mi ò tíì rí i.

Ẹ pa fáànù. Ẹ pa fíríìjì pẹ̀lú, torí etí yín ti mọ́ ọn lára ni ẹ ò ṣe gbọ́ ọ mọ́, maíkì ń gbọ́ ọ. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín sínú fíríìjì náà kí ẹ má baà jáde láì tan án padà. Ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí kan ló kọ́ mi ní ìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni kò sí lọ́wọ́ yín, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń gba ohùn ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìdájí, kí wọ́n tó pe ìrun, kí àkùkọ tó gba ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Ẹ fi fóònù sí Airplane mode, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wá owó rẹ̀ á pè yín ní àárín gbólóhùn tó dáa jù. Ẹ na àtàńpàkò àti ọmọńdinrín: bí maíkì ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹnu nìyẹn. Kó wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu díẹ̀, kì í ṣe iwájú gan-an, kí èémí "f" àti "b" má baà máa fẹ́ lù ú. Ọwọ́ ni kí ẹ fi di maíkì earpiece náà mú. Bó bá ń ha kọ́là tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, ẹ ó kàn máa gbọ́ eku nínú àpò gàrí.

Kí ẹ tó sọ ọ̀rọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Gbogbo ènìyàn ló ń fo èyí, gbogbo wọn ló sì ń padà wá bẹ̀ mí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹ máa fi han Audacity, áàpù títún ohùn ṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, pé ariwo ibí nìyí, kó yọ ọ́. Nínú Noise Reduction rẹ̀, ibi tó ti ń dín ariwo kù, mi ò kì í kọjá 12 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó). Ẹni tó bá fi ojúkòkòrò gbé e dé 30, ohùn rẹ̀ á máa jáde bíi ti ẹni tó rì sómi. Ibi tí ohùn yín bá ti ga jù lọ, kó má kọjá -6 dB. Bó bá kan òdo, ó ti ya nìyẹn, kò sì sí abẹ́rẹ́ tó lè rán an. Bí ẹlòmíì ló máa bá yín tò ó, ẹ má fi ohùn náà ránṣẹ́ bíi voice note WhatsApp, torí ó máa ń fún un pọ̀ ni. Document ni kí ẹ fi ránṣẹ́.

Ó ku orin abẹ́lẹ̀. Olùkọ́ kan gbé fídíò wá fún mi nígbà kan, ó fi gángan sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ látòkèdélẹ̀ kó lè dún bíi tiwa. Gángan ń sọ̀rọ̀, òun náà ń sọ̀rọ̀. Bàbá àgbà kan tó bá wa wò ó gbàgbé iyọ̀, ó gbàgbé ṣúgà, oríkì tí ìlù ń kì ló ń tú fún wa. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀: ohun tí a fi ń mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra náà ni ìlù ń lò. Ẹ jẹ́ kó lù fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún níbẹ̀rẹ̀, márùn-ún níparí. Kó dákẹ́ láàárín.

Àwòrán

Èyí ò le. Ẹ fi singlet mímọ́ nu ojú kámẹ́rà. Ẹ kẹ́yìn sí fèrèsé, kí ohun tí ẹ ń yà kọjú sí i. Agolo mílíìkì tí ẹ rọ ìrẹsì kún, ẹsẹ̀ kámẹ́rà nìyẹn. Bí ìlà dúdú bá ń gùn lókè sódò lójú àwòrán lábẹ́ gílóòbù, iná NEPA tó ń gbọ̀n ní 50 Hz ni: ẹ fi kámẹ́rà sí férémù (àwòrán) 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tàbí shutter 1/50. Èmi ò kì í bá a fà á, màá pa gílóòbù ni, màá padà sẹ́bàá fèrèsé.

Ṣíbí nìkan ni kí ẹ lo sùúrù fún. Ẹ sún mọ́ ọn débi tí ẹ ti máa rí hóró ṣúgà. Ẹ bù ú kó ga, ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fà á kọjá lẹ́nu ṣíbí díẹ̀díẹ̀, kí èyí tó lé já bọ́ sínú abọ́. Abọ́ aláwọ̀ dúdú ni o. Iyọ̀ nínú àwo funfun, ta ni yóò rí i?

Lẹ́tà wa náà ní wàhálà tirẹ̀. Nínú Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà àti fóònù, "ọ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún "ọ̀" tàbí "ọ́". Ńṣe là ń gbé àmì lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ǹtì tí kò mọ̀ wá á jẹ́ kí àmì náà já sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. "Iyọ̀" gan-an ni kí ẹ fi dán fọ́ǹtì wò. Noto Sans àti Charis SIL ò já mi kulẹ̀ rí, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Bí áàpù yín bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ kọ ọ́ níbòmíì, ẹ sọ ọ́ di àwòrán PNG, ẹ wá gbé e lé fídíò. Ẹ má torí ọ̀lẹ yọ àmì. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: ẹni tó ń ṣe fídíò iṣẹ́ àgbẹ̀ kó ronú sí i.

Títò ó pọ̀

Nínú àwọn áàpù tí a fi ń to fídíò, CapCut tó lórí fóònù, Kdenlive lórí kọ̀ǹpútà. DaVinci Resolve dáa, ó sì ní ti ọ̀fẹ́, àmọ́ kọ̀ǹpútà kékeré á sunkún. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ohùn sílẹ̀, kí ẹ wá máa to àwòrán lé e. Ẹ gbé e jáde bíi MP4, H.264, 720p. Bó bá jẹ́ mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan (mẹ́gábíìtì mẹ́jọ ló ń di MB kan), ìṣẹ́jú mẹ́ta á jẹ́ nǹkan bí MB 22. Ìyá tó ń wò ó ló ń sanwó dátà yẹn, ẹ má gbé 4K dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá mú un lọ bá ẹnì kan tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Kó wò ó lórí fóònù tirẹ̀, láìlo earpiece, nítòsí ibi tí ẹ́ńjìnnì ata ti ń lọ. Ẹ gbé omi, iyọ̀, ṣúgà, ṣíbí àti ọ̀bẹ síwájú rẹ̀, kí ẹ panu mọ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, obìnrin náà gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀, ó ka ṣíbí 6 pé pérépéré, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ga bí Òkè Olúmọ. Ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni mo fi ṣíbí tó tẹ́jú hàn án. Mo padà lọ ya ṣíbí yẹn nìkan, mo fi ṣe ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin. Ohùn ò ṣe nǹkan kan. Mi ò fọwọ́ kàn án.