Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Igi Lẹ́mọ́ọ̀nù Nínú Àgọ́ Abẹ́lé Nígbà Òtútù Ìlú Ọba

Ẹni tó bá ra igi lẹ́mọ́ọ̀nù sínú ìkòkò ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester yóò rí i pé láti oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹsàn-án, igi náà a máa rúwé, a sì máa tanná, láìfúnni ní wàhálà kan tó pọ̀. Ìṣòro a máa bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òtútù bá dé tí a sì gbé igi wọlé. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ewé tó ṣì tutù yọ̀yọ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, bẹ́ẹ̀ kò sí kòkòrò lára igi, a kò sì gbàgbé láti bomi rin ín. Àgọ́ abẹ́lé, èyí tí wọ́n fi aṣọ dúdú tó nípọn rán, tí inú rẹ̀ ń dán bíi dígí kí ìmọ́lẹ̀ má baà ṣòfò, lè mú ìṣòro yìí kúrò, bí a bá kọ́kọ́ mọ ohun tó ń fà á.

Gbòǹgbò igi ọsàn, tí lẹ́mọ́ọ̀nù jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́ bí erùpẹ̀ inú ìkòkò bá ti tutù kọjá nǹkan bí 13°C. Bí ìkòkò bá wà lórí ilẹ̀ tútù lẹ́bàá fèrèsé, tí oòrùn tàbí iná sì ń ràn sára ewé lókè, ewé a máa tú omi jáde nígbà tí gbòǹgbò kò lè fa òmíràn ránṣẹ́ sí i, igi a sì já ewé rẹ̀ sílẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Ẹni tó ni ín á rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́, á tún da omi tútù sí i, gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Nítorí èyí ni mo ṣe máa ń rọ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ dáwọ́ lé iṣẹ́ yìí pé kí ó ra tẹmómítà tí à ń kì bọ inú erùpẹ̀ kí ó tó ra iná olówó gọbọi.

Ẹ má ṣe gbé ìkòkò lé ilẹ̀ lásán. Ẹ fi pákó tàbí fóòmù líle sí abẹ́ rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè gba ìdí rẹ̀ kọjá, bí yàrá bá sì tutù ní òru, ẹ tẹ́ ẹní oníná tí wọ́n ń tà fún irúgbìn sábẹ́ rẹ̀, irú èyí tó lè pa ara rẹ̀ bí ooru bá ti tó. Ohun tí à ń wá ni kí erùpẹ̀ wà láàárín 18°C sí 24°C ní ọ̀sán, kí ó má sì lọ sísàlẹ̀ 15°C ní òru. Ẹni tó bá ti ṣe èyí ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Ní ti ìmọ́lẹ̀, ojúmọ́ Lọ́ńdọ̀nù kì í tó wákàtí mẹ́jọ ní apá ìparí oṣù Kejìlá, oòrùn tó sì ń ràn nígbà náà kò lágbára. Àgọ́ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ 60 sẹ̀ǹtímítà lọ́nà méjèèjì tó fún igi kan tí kò ga ju mítà kan lọ, iná LED funfun tó ń jẹ nǹkan bí 100 wáàtì sì tó o. Bí igi bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ra àgọ́ oní-mítà-kan pẹ̀lú iná tó tó 200 wáàtì. Ẹ gbé iná kọ́ ní nǹkan bí 45 sẹ̀ǹtímítà sókè orí igi, kí ẹ sì so ó mọ́ aago tí yóò máa tàn án fún wákàtí 12 sí 14 lójoojúmọ́ tí yóò sì máa pa á. Bí àwọ̀ ewé òkè bá ń ṣá tàbí tí ewé náà ń ká kò, ẹ gbé iná sókè díẹ̀. Iná 100 wáàtì tó bá tàn fún wákàtí 14 yóò jẹ ẹyọ iná (kWh) 1.4 lóòjọ́, ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ iye tí ilé iṣẹ́ iná yín ń gbà kí ẹ tó pinnu iye igi tí ẹ fẹ́ tọ́jú.

Fáànù kékeré kan gbọ́dọ̀ máa fẹ́ nínú àgọ́, kí ó kọjú sí ògiri àgọ́, kì í ṣe sí ewé gan-an. Afẹ́fẹ́ tó ń yí ká ni kì í jẹ́ kí èéhù hù lára ewé.

Àwọn kan máa ń béèrè bóyá igbó tí wọ́n ń mu àti lẹ́mọ́ọ̀nù lè jọ wà nínú àgọ́ kan, nítorí àwọn tó ń gbin igbó wà lára àwọn tó ń ra irú àgọ́ yìí jù. Òfin Ìlú Ọba kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti gbin ín sílé, ẹ̀wọ̀n sì wà fún un. Àní ní Kánádà tàbí Jámánì, níbi tí òfin ti gba àgbàlagbà láyè dé ìwọ̀n kan, àwọn méjèèjì kò bára mu: igbó nílò òkùnkùn gígùn kí ó tó tanná, lẹ́mọ́ọ̀nù sì ń fẹ́ ojúmọ́ gígùn, kòkòrò kan náà ló sì ń bá àwọn méjèèjì jà. Ẹ fi àgọ́ yín fún ọsàn nìkan.

Ẹ ra igi tí wọ́n ti lọ́ mọ́ ìdí igi mìíràn, nítorí èyí tí a bá gbin láti inú kóró lè lo ọdún márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó so. Lẹ́mọ́ọ̀nù Meyer, tí Frank Meyer mú láti Ṣáínà lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1908, ló rọrùn jù nínú àgọ́ nítorí pé kì í tóbi púpọ̀. Omi rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kan, ẹni tó bá sì ń wá kíkan tí ó fi lè fọ ẹja dáadáa yóò gbádùn lẹ́mọ́ọ̀nù Eureka ju ìyẹn lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò máa gé e lóòrèkóòrè. Ẹ̀ka èyíkéyìí tó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ igi, ẹ tètè gé e kúrò. Igi ìdí ló ni ín, kì í ṣe lẹ́mọ́ọ̀nù. Ẹ má sì ṣe di ẹ̀ka ọsàn sínú àpótí láti Nàìjíríà, òfin kò gbà á, nítorí àrùn tó lè bá a wọlé.

Kí ẹ tó bomi rin igi, ẹ ki ìka bọ erùpẹ̀ títí dé nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún. Bí ó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti gbẹ, ẹ bu omi tí kò tutù jù sí i títí yóò fi ṣàn jáde nísàlẹ̀, kí ẹ sì da èyí tó bá dúró nínú àwo nù. Omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù ní ẹfun nínú púpọ̀, ẹfun yìí kì í sì jẹ́ kí igi rí irin inú erùpẹ̀ lò, ìdí nìyí tí ewé tuntun fi ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé. Omi òjò ló dára jù. Ajílẹ̀ ọsàn tó ní náítírójìn púpọ̀ pẹ̀lú irin, sínkì àti magnísíọ̀mù ni kí ẹ lò, ní ìdajì ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀, nítorí igi inú àgọ́ ń dàgbà nígbà òtútù, ṣùgbọ́n kì í yára tó ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ yẹ abẹ́ ewé wò dáadáa kí igi tó wọ àgọ́. Bí ewé bá ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, ẹ wá àwọn kòkòrò aláwọ̀ ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀ka gírígírí, kí ẹ fi òwú tí ẹ rẹ sínú ọtí ìpakòkòrò tí wọ́n fi ń nu ojú ọgbẹ́ nù wọ́n kúrò. Bí ewé bá ní àmì tótòtó, tí òwú tín-ín-rín bíi ti aláǹtakùn sì wà láàárín wọn, kòkòrò kéékèèké tó fẹ́ràn ibi gbígbẹ ló wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ àgọ́ ti gbẹ jù. Ẹ fi omi fọ igi, kí ẹ sì tún fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Kò sí kòkòrò oyin nínú àgọ́, ṣùgbọ́n òdòdó lẹ́mọ́ọ̀nù lè so fúnra rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó rọ̀ kan àárín òdòdó kan, kí ẹ sì gbé e lọ sí òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú èso kéékèèké ni yóò já bọ́, èyí kò sì burú. Àwọn tó kù lè gba oṣù mẹ́fà sí mẹ́sàn-án kí wọ́n tó pọ́n. Ní ìparí oṣù karùn-ún, nígbà tí ìrì dídì bá ti kọjá, ẹ gbé igi jáde sábẹ́ ibòòji fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa sún un sínú oòrùn díẹ̀díẹ̀, nítorí ewé tó dàgbà lábẹ́ iná lè jó lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí a bá gbé e sínú oòrùn lójijì.