Ẹ má jẹ́rìí sí ohun tí ojú yín kò tó: àṣìṣe àwa tí a ń ṣàgbéyẹ̀wò fíìmù, escape game àti iṣẹ́ ìdáwójọ

Bí ilẹ̀ bá mọ́ lẹ́yìn òru Ẹ̀fẹ̀, eré orin alẹ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ní Kétu, ọjà ni a ti máa ń gbọ́ bí ó ti lọ. Ìyá tó ń ta gàrí á ní ohùn Ẹlẹ́fẹ̀ já gaara. Èyí tó jókòó tì í á ní orin tó fi bá àwọn ọ̀dọ́ wí ti gùn jù. Ẹni tó sùn lálẹ́ àná kì í dá sí i. Bí ó bá dá sí i, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n á bi í: "O wà níbẹ̀?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán nìyẹn. Ọdún 2001 ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àrà àjogúnbá aráyé, ṣùgbọ́n tipẹ́tipẹ́ ni àwọn ìyá wọ̀nyí ti ń yẹ̀ ẹ́ wò, tí wọ́n sì mọ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Àwa mélòó kan wà ní Kétu, Àjàṣẹ́ àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tí a ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí nǹkan ìgbàlódé. A ń wo fíìmù. Bí a bá ráyè dé Èkó tàbí òkè òkun, a máa ń wọ inú eré yàrá títì, èyí tí àwa ń pè ní escape game bíi ti Faransé, tí àwọn ará Èkó ń pè ní escape room. A tún máa ń tú iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń dáwó jọ fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, a ó sì kọ èrò wa sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ náwó. Ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún wa. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń kà á ń náwó, owó gidi, nítorí ohun tí a kọ. Èyí ni mo ṣe fẹ́ sọ àwọn àṣìṣe tí mo rí, tí èmi náà ti ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Ẹ má gbé fídíò yẹ̀ wò kí ẹ pè é ní ohun èlò

Èyí ló burú jù, òun ni mo sì fẹ́ pẹ́ lé lórí.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo rí iṣẹ́ kan tí wọ́n ń dáwó jọ fún: àtùpà kékeré tó ń gba agbára láti ara oòrùn, tí ó tún lè fún fóònù lágbára. Fídíò rẹ̀ dára, orin tó wà lábẹ́ rẹ̀ dùn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé àtùpà náà mọ́lẹ̀ dáadáa, pé iná rẹ̀ ń pẹ́. Mo kọ bẹ́ẹ̀ nípa àtùpà tí mi ò rí iná rẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Kétu ka ohun tí mo kọ. Yúrò 40 ni àtùpà náà, owó ìfìránṣẹ́ jẹ́ 22. Yúrò kan kò kúrò ní fúránkì 655.957 lọ́dọ̀ wa, nítorí náà gbogbo rẹ̀ lé ní 40,600 fúránkì. Ó fi owó náà ránṣẹ́ lórí mómò, owó orí fóònù, sí ọmọ rẹ̀ ní Kùtọnù, ọmọ náà fi káàdì san án. Àtùpà kò dé títí di òní. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rí mi, kò pariwo. Ó ní, "Àbúrò, o ní ó mọ́lẹ̀." Mi ò rí ohun kan fi dá a lóhùn.

Ohun tó yẹ kí n ti mọ̀ ni bí ìdáwójọ yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ wo Kickstarter, ìkànnì ìdáwójọ tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2009. Ẹni tó ní iṣẹ́ á dárúkọ iye tó ń wá àti ọjọ́ tí yóò parí. Bí owó kò bá pé títí ọjọ́ náà, wọn kì í yọ kọ́bọ̀ lórí káàdì ẹnikẹ́ni. Bí ó bá pé, owó ti lọ nìyẹn, Kickstarter fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe onígbọ̀wọ́ pé ohun tí wọ́n ṣèlérí yóò dé. Ní 2012, àwọn náà jáde sọ ọ́ kedere pé àwọn kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì fòfin de àwòrán tí a fi kọ̀ǹpútà yà kó dà bíi fọ́tò ohun èlò tó ti wà.

Àwọn èèyàn wa máa ń rò pé bíi tọ́ńtìn, àjọ tí a ń dá, ló rí, àṣìṣe àwa tí a ń kọ̀wé sì ni tí a kò bá là wọ́n lójú. Nínú tọ́ńtìn, o mọ ilé ìyáálé tó ń gba owó jọ, o mọ ọ̀sẹ̀ tó máa kàn ọ́, bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé owó kò pé, ẹbí rẹ̀ wà níbẹ̀ tí a ó lọ bá. Nínú ìdáwójọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ìgbìyànjú ẹlòmíì ni o fi owó rẹ tì lẹ́yìn. Ìgbìyànjú lè kùnà láìsí olè níbẹ̀. Lórí Kickstarter, bíi 12,000 èèyàn dá mílíọ̀nù 2.3 pọ́n-ùn fún drone, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò, tó ń jẹ́ Zano. Nígbà tó fi máa di oṣù kọkànlá 2015, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é ti wó. Kickstarter bẹ oníròyìn kan, Mark Harris, pé kó wádìí bí owó náà ṣe lọ, ó sì gbé ìwádìí rẹ̀ jáde ní 2016. Mo bẹ ẹnikẹ́ni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ yìí pé kó wá a kà. Ó bá àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó wo ìwé owó, kò sì bú ẹnikẹ́ni.

Ohun tó tún yẹ kí a sọ ni pé a kò gbọdọ̀ sá sí òdìkejì, kí a máa pe gbogbo wọn ní gbájú-ẹ̀. Ìwádìí tí Ethan Mollick ti Yunifásítì Pennsylvania ṣe ní 2015 lórí Kickstarter fi hàn pé nínú iṣẹ́ 100 tí owó rẹ̀ pé, bíi 9 ni kò mú ìlérí ṣẹ. Púpọ̀ ń dé, púpọ̀ sì ń pẹ́ kó tó dé. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ pé "olè ni wọ́n" nítorí pé ẹrù pẹ́ oṣù mẹ́ta. Yàtọ̀ sí pé kò bójú mu, òfin kan wà nílẹ̀ wa láti 2018, Code du numérique, tó ń fìyà jẹ ẹni tó bá ń bú èèyàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ kọ ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ kọ ọjọ́ òní, ẹ kọ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láàárín méjèèjì. Òǹkàwé gbọ́n, yóò mọ èyí tó kù.

Kí iṣẹ́ tó parí, gbólóhùn tó yẹ kó ṣáájú nínú ohun tí a bá kọ ni: "Mo wo fídíò, mi ò tíì fọwọ́ kàn án." Lẹ́yìn ìyẹn, a lè sọ ohun tó wà lárọ̀ọ́wọ́tó wa. Ṣé ọwọ́ èèyàn wà nínú àwòrán náà tó ń lo nǹkan ọ̀hún? Ṣé wọ́n ti parí iṣẹ́ mìíràn rí? Èyí tí àwọn aláwọ̀ funfun kì í kọ, tó jẹ́ pé àwa ló kàn: ṣé wọ́n ń fi ránṣẹ́ dé Bẹ̀nẹ̀ rárá, èló ni, ta ni yóò sì san owó kọsítọ́ọ̀mù ní Kùtọnù? Mo ti rí iṣẹ́ tí owó ìfìránṣẹ́ rẹ̀ ju owó ọjà lọ.

Ẹ má já ààlọ́

Nínú eré yàrá títì, wọ́n á ti ẹ̀yin mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ yàrá kan, ìṣẹ́jú 60 ló wọ́pọ̀, ẹ ó máa tú àdììtú títí ẹ ó fi rí ọ̀nà jáde. Takao Kato ló bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Kyoto ní Japan ní 2007. Ohun tí a fi ń bà á jẹ́ ni kí ẹni tó ti ṣe é máa kọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Ẹni tó mọ òpin fíìmù ṣì lè gbádùn òṣèré inú rẹ̀. Ẹni tó mọ ìdáhùn àdììtú kò ní nǹkan kan mọ́. Láti kékeré ni a ti mọ èyí: bí ìyá àgbà bá ní "Òrúkú tindí tindí", ọmọ tó ti mọ ìdáhùn á pa ẹnu mọ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i rò.

Ẹ sọ iye èèyàn tó yẹ níbẹ̀, ẹ sọ bóyá ìmọ́lẹ̀ tó fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò dára, ẹ sọ bóyá olùtọ́nisọ́nà tètè ń ranni lọ́wọ́. Ẹ sọ èdè tí wọ́n fi kọ àdììtú. Nígbà tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjì gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ sí Èkó láti lọ ṣe ọ̀kan, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, ìdajì eré náà sì kọjá lórí àwa tí a kàwé ní Faransé. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ṣùgbọ́n ará Àjàṣẹ́ tó ń múra láti lọ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Nǹkan míì tí mo ṣàkíyèsí lára mi àti lára àwọn ẹlòmíì: ẹni tó jáde kí àkókò tó pé á yin yàrá náà, ẹni tí àkókò pa mọ́ inú rẹ̀ á ní kò dára. Ẹ má kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ sùn lé e lórí.

Ìlẹ̀kùn ńkọ́? Mo ka àgbéyẹ̀wò tó pọ̀ tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀ṣọ́ ògiri, tí kò sí ọ̀kan tó bèèrè bí a ṣe ń jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní 2019, ní ìlú Koszalin ní Pólándì, àwọn ọmọbìnrin márùn-ún tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 15 wọ irú yàrá yìí láti fi ṣe ọjọ́ ìbí ọ̀kan nínú wọn. Iná ṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, wọn kò rí ibi jáde, gbogbo wọn ló kú. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Pólándì tó lọ yẹ àwọn yàrá bẹ́ẹ̀ wò káàkiri, tí wọ́n sì ti púpọ̀ nínú wọn pa. Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ nípa rẹ̀, kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ni mo ti máa ń bèèrè: ṣé a lè ṣí i fúnra wa láti inú? Ọ̀nà kejì dà? Bí ẹni tó ń gbani wọlé bá rẹ́rìn-ín dípò kó dáhùn, mo máa ń kọ ọ́ sí ìlà àkọ́kọ́.

Ẹ má fi ọgbẹ́ ọkàn ṣe àgbéyẹ̀wò fíìmù láìsọ pé ọgbẹ́ wà

Nígbà tí fíìmù Dahomey ti Mati Diop gba ẹ̀bùn tó ga jù ní àjọ̀dún fíìmù Berlin ní 2024, gbogbo ilé ló ń sọ ọ́. Ìṣẹ́jú 68 ni. Ó sọ nípa ẹrù ọba 26 tí Faransé dá padà fún Bẹ̀nẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2021. Ère kan ń fi èdè Fọ̀n sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń jiyàn ní Yunifásítì Àgbómẹ̀-Kàlàfí. Mo kọ ojú ìwé méjì lórí rẹ̀. Nígbà tí mo tún un kà, mo rí i pé mi ò sọ nǹkan kan nípa kámẹ́rà, tàbí nípa ohùn ère náà. Ọmọ Kétu ni mí. Nínú ẹrù 26 yẹn, ère Gèlèlè, ọba Dàhómì, wà níbẹ̀ bíi kìnnìún, nígbà ayé rẹ̀ sì ni ọmọ ogun Dàhómì run Kétu ní 1886. Ohun tó ń dùn mí ni mo kọ, mo sì fi orúkọ fíìmù bò ó lórí.

Ìrora náà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Àṣìṣe mi ni pé mi ò sọ ọ́ fún òǹkàwé. Mo ya ojú ìwé náà, mo kọ òmíràn tó bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ìlú tí ọba yìí jó ni wọ́n ti bí mi." Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá lè sọ pé ohùn ère náà dẹ́rù bà mí, pé ìjiyàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ibi tó lágbára jù nínú fíìmù ọ̀hún.

Lórí fíìmù Yorùbá, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé e kọ ọ́ pé òṣèré "kò gbọ́ Yorùbá" nítorí pé ó fi ẹnu Kétu tàbí ẹnu Ṣábẹ̀ẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹ má sì tún ìtàn inú fíìmù sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó fẹ́ ìtàn yóò wò ó.

Máàkì náà ńkọ́, ìràwọ̀ mẹ́ta, ìràwọ̀ márùn-ún? Bí ẹ kò bá lè sọ ohun tó sọ mẹ́ta di mẹ́rin lọ́wọ́ yín, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Ẹnu tó bá jẹ dọ̀dọ̀ kò lè sọ òdodo. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, tàbí tí ẹni tó ṣe fíìmù bá jẹ́ ọmọ ìyá yín, ẹ sọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní Faransé, òfin ọjọ́ 9 oṣù kẹfà 2023 ti sọ ọ́ di dandan fún àwọn tó ń gbowó polówó ọjà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa tí a kì í gbowó kò nílò òfin kí a tó ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n tó ń ta aṣọ tún wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ẹ̀rọ kan ni wọ́n tún ń dáwó jọ fún, èyí tó ń gé aṣọ. A jọ jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, a ń wo àwòrán náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọwọ́ èèyàn nínú ìkankan. A kọ lẹ́tà sí wọn ní Faransé, a bèèrè fídíò ibi tí ẹ̀rọ náà ti ń gé àǹkárá gidi, a sì bèèrè iye tí wọ́n máa gbà láti fi í ránṣẹ́ dé Bẹ̀nẹ̀. Èsì kò tíì dé, mi ò sì tíì kọ nǹkan kan.