Bí A Ṣe Ń Ra Bẹ́ǹsì V-Boot Tí A Fẹ́ Fi Pamọ́

Bẹ́ǹsì tí àwa ń pè ní V-Boot, tí àwọn Mercedes-Benz fúnra wọn ń pè ní W124, jáde láti ọdún 1984 títí di 1995. Púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti tú tà ní ẹyọ ẹyọ, ìdí nìyí tí èyí tó ṣì wà bí wọ́n ṣe ṣe é ní Jámánì fi ń ṣọ̀wọ́n sí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì pààrọ̀ lára rẹ̀ gan-an ni ẹni tó fẹ́ fi pamọ́ bí ọkọ̀ àtijọ́ tó níyì ń sanwó fún.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, kí ẹ tó yà sọ́dọ̀ alágbàtà, ẹ kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, bí olùkọ́ yunifásítì, dókítà tàbí díákónì Ìjọ Onítẹ̀bọmi, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ wọn sábẹ́ òrùlé, tí wọn kì í sì í gbé e jáde ju ọjọ́ Àìkú lọ. Bí bàbá bá lè kó rìsíìtì ọ́ìlì àti táyà ọdún pípẹ́ jáde, ẹ fara balẹ̀ kà wọ́n.

Ẹ bẹ ẹni tó ni ọkọ̀ pé kí ó má ṣáná sí ọkọ̀ náà kí ẹ tó dé, nítorí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù ni ṣéènì inú rẹ̀ tó ti gbó máa ń pariwo. Ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. WDB ló máa ń bẹ̀rẹ̀, gbogbo lẹ́tà àti fígọ̀ 17 náà sì gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ọkọ̀ mu. Ẹ fi mágínẹ́ẹ̀tì kékeré tọ́ irin ara ọkọ̀ wò: ibi tí kò bá ti lẹ̀, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó bàjẹ́ ló wà lábẹ́ ọ̀dà. Ẹ tẹ̀ba wo ibi tí a ń ki jáàkì bọ̀, nítorí ike gbọọrọ tó bo ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn máa ń bo ìpẹtà mọ́lẹ̀.

Ibi tí ó ti ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ kabúrétọ̀. KE-Jetronic ni wọ́n fi ń fún epo sínú ẹ́ńjìnnì 230E, ọ̀kan lára oríṣi V-Boot, ṣùgbọ́n àwọn mẹkáníìkì kan tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe a máa yọ ọ́ dànù, wọ́n á sì fi kabúrétọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ọkọ̀ náà á rìn dáadáa, ó sì lè gbé yín dé Ìlọrin láìdúró, àmọ́ èmi kì í ra irú rẹ̀ láti fi pamọ́, àfi èyí tí wọ́n kọ 200 lásán sí, tí kabúrétọ̀ bá dáyé. Nínú àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 1993 sí 1995, ẹ yẹ ara wáyà ẹ́ńjìnnì wò, nítorí rọ́bà tó bò ó a máa gbẹ, a sì máa já wẹ́wẹ́.

Bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá ti kú, ẹ má ṣe dá lé ọ̀rọ̀ àkọ́bí nìkan. Ọmọ kan lè ti Èkó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta pé òun kò mọ̀ sí títà náà. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún láti ilé ẹjọ́ gíga, kí gbogbo àwọn ọmọ sì fọwọ́ sí ìwé títà níwájú lọ́yà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ sanwó nípasẹ̀ báńkì, kí ẹ sì yí orúkọ padà lórí ìwé ọkọ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.